Ọwọ́ Mi Wà Nínú Màlúù Lọ́jọ́ Ìdíje

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àǹtí mi, ẹ di ìrù màlúù yìí mú dáadáa kó má baà máa nà mí lójú. Ṣé ẹ rí ayé mi? Ọwọ́ mi wọ inú màlúù dé èjìká, aṣọ rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù tí à ń gbé sáyà sáré, ni mo wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti wà lórí pápá, wọ́n ń wo ọ̀nà. Kí ló kù tí mi ò ṣe? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ dókítà ẹran, mo ní, “Ọ̀gá, àwọn tó fẹ́ yan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àgbà ń bọ̀ wá wò wá ní Sátidé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúró sẹ́nu iṣẹ́.” Ó ní kò burú. Ó tiẹ̀ gbàdúrà fún mi. Àárọ̀ yìí ló wá pè, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Ẹ̀yìn, Àǹtí mi. Kí lẹ wí? Pé kí n pe dókítà ẹran mìíràn? Kí onítọ̀hún tó dé ibí, ọmọ inú màlúù yìí á ti kú, ìyá á sì tẹ̀lé e.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà, á ní dókítà òun ń du bọ́ọ̀lù bí ajá tó ń du eegun. Ṣùgbọ́n tí ọmọ màlúù bá há, á ní, “Ẹ pe eléjìká yẹn wá.” Ibo ló rò pé mo ti rí èjìká? Ṣé ọjà ni mo ti rà á ni?

Ẹ̀yin ará ilé náà ò sàn jù ú lọ. Màmá ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ń fi èjìká gbé ọmọ ẹlòmíràn ṣubú. Ẹ̀yin ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀. Èwo? Ẹ dárúkọ ẹ̀. Tí mo bá fi pápá sílẹ̀, mo di ẹrú ọ̀gá. Tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ bú mi. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Ṣé fóònù mi ló ń dún lápò yín yẹn? Olórí ẹgbẹ́ wa ni. Ẹ má gbé e. Ẹ dúró ná, mo ti di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Mo fi ọwọ́ fún ẹsẹ̀ náà, ó sì fà á padà. Ó wà láàyè, Àǹtí.

Ẹ gbé fóònù wàyí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá rọ́pò mi. Ẹ má ṣàlàyé. Ó ní kí ni? Pé àwọn á dúró dè mí? Ta ló ń dúró de ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú màlúù? Ẹ pa fóònù yẹn. Ẹ bọ́ bàtà gíga yẹn, ẹ wá mú okùn tí mo so mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ yìí. Tí ìyá ẹ̀ bá ń rọbí, a ó fà. Tó bá sinmi, a ó sinmi. Ẹ má sì wo ojú mi.

Ó yá, ẹ fà.