Ìlà Tí N Kò Kọ Sára Téèpù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó tún un ṣe: àbúrò mi kọ́ ló ba kọ̀ǹpútà agéfídíò jẹ́. Èmi ni. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, tí ẹ fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sá nídìí iṣẹ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi, mo tún fi kún eré rẹ̀ ni.

Àwa méjèèjì la jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ti kú ni mo ń tú palẹ̀ títí mo fi mọ ohun tó ń gbé wọn ró. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tèmi lọ débi pé Ọwọ́-Òwú làwọn oníbàárà ń pè é. Èmi, Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ń pè mí. N kò bínú sí i. Òótọ́ ni.

Iṣẹ́ tó gbé wa lárugẹ ni kí á mú kọ̀ǹpútà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹ̀rọ dà bí ẹni tó ń fi agbára pamọ́: bí o bá wọ inú ètò rẹ̀, tí o fi kún eré ọpọlọ rẹ̀, tí o fún un ní iná díẹ̀ sí i, á gbà. Bí o bá ṣì í ṣe, á dákú. Ìdí nìyí tí àbúrò mi fi gbé òfin kan kalẹ̀: ohun kan ṣoṣo ni kí á yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí á kọ iye àtijọ́ àti iye tuntun sára téèpù bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí á wá fún un níṣẹ́ líle, ká wò ó bóyá á dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló máa ń wí, "ohun tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa padà wá a kiri."

Agéfídíò gbé tiẹ̀ wá. Fíìmù tó ti ń gé, tó ń tò pọ̀, láti ọ̀pọ̀ oṣù wà nínú rẹ̀. A ní kó kó ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn ná. Ó rẹ́rìn-ín: "Ṣebí Ọwọ́-Òwú ló máa fọwọ́ kàn án?"

Àbúrò mi fi kún eré ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ó kọ ọ́, ó dán an wò, ó dúró. Ó jáde lọ ra fáànù tí á máa fẹ́ ẹ̀rọ náà kó má gbóná jù. Ojú mi wá bọ́ sára ráàmù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń rò lọ́wọ́ sí. Irú tí n kò rí rí ni. Ọwọ́ ń yún mi. Báwo ni èyí á ṣe sáré tó? Ìbéèrè lásán ni, ìbéèrè kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo fi kún un. Ó gbà. Mo tún fi kún un. Ó tún gbà! Mo ń pàtẹ́wọ́ lémi nìkan bí ayírí. Téèpù wà níwájú mi, bírò wà létí mi. N kò kọ ọ́. Mo ní màá dá a padà kó tó dé. Àfi bí ẹnìkan ṣe bú mi láti ojú ọ̀nà. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí èébú sùn síta. Mo jáde lọ dá a lóhùn, mo sì gbàgbé.

Àbúrò mi dé, ó fi díẹ̀ kún eré ọpọlọ, ó kọ ọ́, ó ní kí ẹ̀rọ to fíìmù pọ̀, kó fi í pamọ́. Ráàmù tó bá ń sáré ju agbára rẹ̀ lọ kì í pariwo. Ńṣe ló ń ṣarán díẹ̀díẹ̀, tó ń kọ ìsọkúsọ sínú iṣẹ́ oníṣẹ́. Nígbà tí a ó fi ṣí fíìmù náà, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dákú.

"Mo ti pa á," àbúrò mi wí.

Agéfídíò káwọ́ lérí. "Ọwọ́-Òwú, kí lo ṣe fún mi yìí?"

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Àbúrò mi nu ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ètò rẹ̀ wé téèpù, látòkè dé ìsàlẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo ní, "Ojú rẹ ti pọ́n. Lọ bu omi sójú, jẹ́ kí n bá ọ tan án."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Kó tó padà, mo ti dá ráàmù padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ó fi ètò wé téèpù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ohun tó yí padà kẹ́yìn, tiẹ̀ ni. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló dá a lẹ́bi. Èmi tí n kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, mo bẹ̀rù téèpù bébà.

Kọ́tìnnì ni àbúrò mi ń rán báyìí. Láìpẹ́ yìí ló yà kí mi, mo ní kó bá mi di fáànù kan mú. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ má jẹ́ n fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà mọ ọwọ́ mi." Mo mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Agéfídíò kò padà wá gbé ẹ̀rọ náà. Agéfídíò, bí o bá ń gbọ́ èyí, ọ̀dọ̀ mi ni kí o gbé èébú tó kù wá. N kò ní dáhùn. Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, téèpù ṣì wà lára rẹ̀. Mo há ìlà tèmi sáàárín ìlà méjì tí àbúrò mi kọ: ráàmù, iye àtijọ́, iye tí mo gbé e dé, orúkọ mi. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó kà á. Ó tún un kà. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ó fi ìka lé iye tuntun náà. Ó wá ní, "Ẹ gbé e dé ibí yìí, ó sì dìde?"

"Ó dìde."

"Iná ńkọ́? Ẹ fi kún iná rẹ̀?"

"N kò fi kún un."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ojú rẹ̀ tàn, bí ó ti máa ń tàn láyé ijọ́un. Lẹ́yìn náà ló rántí pé inú ń bí òun. "Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ó nawọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni. Súkúrúdíráfà ló ń bèèrè.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ máa wádìí, ẹ máa yí i wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Èmi náà ti kọ ọ́ sára téèpù yẹn, lábẹ́ orúkọ mi: kò tíì dárí jì mí.