Ọmọ Tó Bọ́ Sáàárín Ọ́fíìsì Méjì

Ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn! Akọ̀wé, èmi lẹ pè ní ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn, nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, tẹ́ ẹ di máìkì mú bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èmi aya ẹ̀gbọ́n yín! Èmi tí mo ti ń pè yín ní ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé, tí mi ò dárúkọ yín rí títí dòní! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ gbé aṣọ yẹn kúrò lórí àga, aṣọ oníbàárà ni, ẹ rọra o, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Mi ò bínú. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé ojú ẹni tó ń bínú nìyí? Ìbínú gan-an ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n yín pè mí láti ojú ọ̀nà níbi tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó ní ẹ ń bọ̀ wá bẹ̀ mí, kí n jọ̀ọ́ kí n gbà. Mo ní ó dáa. Mo ti gbà. Ó tán.

Ẹ ní kí n gbọ́ kí ni? Ẹ ò fẹ́ kó dà bíi pé ẹ ń ṣojúsàájú? Mo gbọ́. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ gbé mi gẹ̀gẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo béèrè níbẹ̀: ọ́fíìsì wo ló ni ọmọ mi? Ṣé ìyẹn náà ti di èébú?

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ariwo èrò ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Gbajúmọ̀, ọmọ yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀ nítorí pé ó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú. Tọ̀tún ò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà tí mo ti bí i, ẹ mọ̀. Ilé ìtọ́jú ọmọdé tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣí ló gbà wá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ wọn á wá gbé e, obìnrin tó ń tọ́jú ọwọ́ níbẹ̀ á ki ọwọ́ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa na ìka kọ̀ọ̀kan, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì o! Èmi tí mò ń ránṣọ jẹun, ọmọ mi ò lè di bọ́tìnnì, àfi ìgbà tó di tòkè, tó tún di èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó di gbogbo rẹ̀ tán, kò jẹ́ kí n bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn òun. Ó fi sùn ni.

Ó wá pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ṣe kéèkì fún un níbẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, Mọ́mì, ẹ kú oríire, kò ní lè máa wá mọ́, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Olúwa ò! Kéèkì ṣì wà lẹ́nu ọmọ!

Mo ní kò burú, mo gba ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn wọn àti tàwọn ọmọdé kọjú síra. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wo kọ̀ǹpútà, ó ní ètò tuntun ti jáde, ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún. Mo ní lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ó ní mẹ́rìndínlógún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sún un sókè. Mo ní tàwọn ọmọdé ńkọ́, ṣé wọ́n sún tiwọn náà? Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ́fíìsì òun. Mo sọdá. Àwọn tọ̀hún ní àwọn ò sún nǹkan kan, kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó sún un. Mo tún sọdá. Mo sọdá kọ́rídọ̀ yẹn títí ẹni tó ń nulẹ̀ fi bẹ̀ mí pé kí n yan ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ òun ò tíì gbẹ.

Ọmọ mi di àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ọ̀gá kan ní kí n ṣe sùúrù, ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Mo ní ọ̀gá, ẹnu akólòlò lè dúró dè é. Ọwọ́ ọmọ mi ò dúró, ó ń kákò.

Ó ń kákò, Akọ̀wé. Mò ń gbé omi kaná, mò ń na ìka náà bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é, ó ń ké, mo sì ń fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ àná, kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rárá, ó kàn gbé àyà síwájú mi pé kí n bá òun dì í. Mo ti ń já bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi rọ́bà rọ́pò wọn. Mi ò sunkún, ẹ ò rí i? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sunkún. Ara mi kàn kú ni.

Òun ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù wá sí ìpàdé yín, ẹ ṣáà ní kí àwọn òbí wá sọ tinú wọn. Ẹ ń fi ọ̀pá tọ́ka sára ògiri, ọmọdé rèé, ọ̀dọ́ rèé, ẹ kun méjèèjì ní ọ̀dà, àárín wọn funfun. Mo nawọ́, mo ní ọmọ mi ló wà nínú funfun yẹn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín! Ká sọ òótọ́, ta ló fa ìlà yẹn?

Ẹ gbójú sókè.

Háà. Ẹ̀yin fúnra yín. Àwọn ọ̀gá yín ní kẹ́ ẹ dín èrò kù, ẹ sì sún un. Ẹ ò rántí pé Gbajúmọ̀ ti tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa náà. Ẹ ò rántí. Ẹ máa bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n bá tún jókòó, ìgbà wo nìyẹn? Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Ọdún mẹ́ta! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín!

Ẹ má dìde, ibo lẹ ń lọ? Òní ni ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn máa ń wá. Ó ṣì ń wọ bàtà dè é, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọkọ̀ ò ní wá mọ́, ó ní kí ló dé, mo ní o ti dàgbà ni. Ó wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun padà di kékeré.

Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ fa ìlà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un.