Bọ́tìnnì Kan Ṣoṣo

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo: iye tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá aránṣọ kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ gbàkà tó ń ti Port-Bouët lọ sí Zone 4, níbi tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ká ọ̀gá náà mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Odindi oṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ fi rán ọmọ mi wá ṣe sítáàsì, kó wá fojú rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, bọ́tìnnì kan ló rán. Ṣé aṣọ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Tàńtí, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn mọ ilẹ̀ gbá o!"

"Èmi ni mo kọ́ ọ nílé, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi ní ìwé-ẹ̀rí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Nínú ọdún mẹ́ta tí mo fi kọ́ṣẹ́, ọdún kan ni mo fi gbálẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìgbálẹ̀ la fi ń wọṣẹ́. Dirẹ́tọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ò kúkú sọ pé kí n ṣe é lọ́nà mìíràn."

"Ọdún mẹ́ta lẹ fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, wọn á ní kó rán bùláòsì níwájú olùdánwò. Ṣé ìgbálẹ̀ ni kí n dì fún un kó mú lọ?"

Ìgbálẹ̀ la fi ń wọṣẹ́! Ẹni tó ní ọdún mẹ́ta lè fi wọ̀ ọ́. Ẹni tó ní oṣù kan, ẹnu ọ̀nà ni yóò gbá títí yóò fi padà sílé. Ẹ̀yin dirẹ́tọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó rán ọmọ mìíràn lọ, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí yóò mọ̀ ọ́n rán, kí ẹ sì gbé e sí ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kìíní. Ní ti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá gbá a fúnra rẹ̀.