Sàréè Tí Mo Fi Han Herman

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi ná lórí àwo sàráà yẹn. Àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá Àbúdù la wá ṣe, Lèmọ́mù sì ti ṣe é tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò lè gbé wọ sàréè tèmi. Dókítà ti sọ pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n má fa pọ́ǹpù mọ́. Èmi Àmúsà tí mò ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa ní Agoè yìí, mo ṣe ohun kan sí ẹni tí ẹ wá ṣàdúrà fún, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Morìnsọ́lá, ìwọ ọmọ bàbá, fara balẹ̀ jókòó. Bí o bá fẹ́ lé mi jáde, jẹ́ kí n parí rẹ̀ kí o tó lé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Cacaveli rí, ẹ ò lè gbàgbé ìdí máńgòrò tí Bàbá Àbúdù àti Herman máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá jà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kejì ní Bọ́mà kó tó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Lomé. Herman, ọmọ ẹ̀yà Ewé, Faransé ló jà fún. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn tó lọ sógun ti lọ tán, àwọn méjì yìí ló kù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń bú ara wọn! Bàbá á ní, "Herman, ẹ̀yin Faransé, kí ẹ tó de okùn bàtà tán, wọ́n ti gba ìlú lọ́wọ́ yín!" Herman á fi Yorùbá ọjà tó gbọ́ dá a lóhùn: "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ru àpótí ọta gun òkè Bọ́mà bí aláàárù ọjà Asigamé. Sájẹ́ǹtì aláàárù!" Wọn á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbà wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ túká, wọn á nà ṣánṣán, wọn á gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí, wọn á kí ara wọn bí ológun. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣíwájú lọ, èkejì gbọ́dọ̀ wá kí i bẹ́ẹ̀ lórí sàréè. Ó tó àsìkò kan tí mo máa ń pa iṣẹ́ tì kí n lè gbọ́ wọn. Ìgbà yẹn dùn. Ibi tó dùn yẹn náà ni mo ti ń di Bàbá sínú.

Kí ni Bàbá ṣe mí? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ géètì. Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kan nítorí pé mo bá ìyá mi ru ẹrù lọ sọ́jà. Ó ní sójà kì í pẹ́, ó ní kí n máa yan lọ yan bọ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, "Òsì! Ọ̀tún! Òsì! Ọ̀tún!" Ẹ̀rù bà mí, mo tọ̀ sára. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Sójà Alátọ̀. Mo ní mi ò lọ mọ́. Ìyá mi bẹ̀ mí, ó sunkún, mi ò padà. Agídí mi burú. Bàbá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀. Èmi ò gbàgbé.

Nígbà tí onílé ta ilé Cacaveli tí àwọn méjèèjì ń gbé, Bàbá kó wá sọ́dọ̀ Morìnsọ́lá níbí, níbi tí èmi náà ti gbé iṣẹ́ táyà mi wá. Herman lọ gbé ní Sanguéra lọ́dọ̀ Mireille, ọmọ ọmọ rẹ̀. Etí Herman ti di, fóònù kò wúlò fún un mọ́. Ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé e jìnnà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdánù ara wọn. Ẹ sì mọ àdúgbò wa, kò sí nọ́ńbà lára ilé, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá èèyàn, ọ̀dọ̀ onítáyà ló ń kọ́kọ́ dé. Ìyẹn ni pé ọwọ́ mi ni ọ̀nà ilé Bàbá wà.

Ọjọ́ ìrántí àwọn jagunjagun ku díẹ̀ nígbà tí Mireille dé. Ó fi èdè Mina kí mi, ó ní, "Papa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ilé Sájẹ́ǹtì Àbúdù. Pépé, bàbá àgbà mi, ní àwọn gbọ́dọ̀ jọ dúró níbi ayẹyẹ lọ́dún yìí, pé ó lè má sí òmíràn mọ́." Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde lára táyà: "Ha, ọmọ mi, o pẹ́ dé. Bàbá yẹn ti kú." Bàbá wà lẹ́yìnkùlé níbí, ó ń gbọ́ rédíò! Èrò mi ni pé ọmọ náà á lọ, wọn á ṣe ayẹyẹ wọn, Bàbá á wọ kóòtù rẹ̀ jókòó lásán, ojú á ti òun náà níwájú èèyàn. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí.

Ṣùgbọ́n Herman fúnra rẹ̀ gun tákísí wá lọ́jọ́ kejì, òun àti Mireille, pẹ̀lú kóòtù àti àmì ẹ̀yẹ láyà. Ó ní, "Mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí." Ẹ wò ó, Ọlọ́run tún fún mi láyè láti sọ pé mo ṣì í. Mi ò sọ ọ́. Mo wọ tákísí pẹ̀lú wọn lọ sí itẹ́ òkú àwa Mùsùlùmí. Àwa kì í kọ orúkọ sórí sàréè, gbogbo ebè ló jọra. Mo na ìka sí ọ̀kan tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, sàréè ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Herman ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Mireille fi òun sílẹ̀. Ó nà ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó ní, "Sájẹ́ǹtì, o sá ṣíwájú mi. Ó dáa. Sọ àpótí rẹ kalẹ̀, kí o sinmi." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń súre fún mi pé mo bá òun tọ́jú ọ̀rẹ́ òun. Mo ṣe àmín! Ẹnu tí mo fi purọ́ náà ni mo fi ṣe àmín.

Ọjọ́ ayẹyẹ, Bàbá wọ kóòtù rẹ̀ láti àárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí, "Àmúsà, ṣé ẹnikẹ́ni ò béèrè mi?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Ó ní, "Herman ti wà láàárín àwọn ọ̀gá ńlá. Kí ló fẹ́ fi aláàárù ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dé ojú rẹ̀. Morìnsọ́lá, o mọ̀ pé kò wọ kóòtù yẹn mọ́. O mọ̀ pé nígbà tí rédíò kéde ikú Herman, ó ní kò kan òun, ó sì wọ yàrá, kò jẹun. Mo gbọ́ bí ìwọ náà ṣe ṣépè fún Herman ní ilé ìdáná. Mò ń lẹ táyà lọ, mi ò gbórí sókè.

Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́: inú tí Bàbá bí mi ní géètì ọjọ́ náà kò tíì tán pátápátá. Bí mo bá ronú kàn án, ó ṣì máa ń ta mí. Ṣùgbọ́n kí ni Herman ṣe mí? Kí ni Morìnsọ́lá yìí ṣe mí? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ṣẹ̀ yín, ẹ lọ bá a, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀, kó fìyà jẹ yín lẹ́ẹ̀kejì bó bá wù ú. Èyí tí ẹ bá gbé pamọ́ sínú, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa bá.

Obìnrin tó jókòó nítòsí ìkòkò omi yẹn ni Mireille. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Kò gbọ́ Yorùbá, màá fi Mina tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un fúnra mi, mi ò ní fo ibì kankan. Bí ẹ bá gbà, kí ẹ mú un lọ síbi tí a sin Bàbá sí gan-an. Morìnsọ́lá, dárí jì mí. Bí o kò bá lè dárí jì mí, gba èyí nìkan lọ́wọ́ mi: Herman kò gbàgbé bàbá rẹ. Ó wá.