Ife Omi Tí Ráfíù Kò Mu

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a wà ní ìhà ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò pe orúkọ òun. Mo ti dàgbà, orí mi ti funfun, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá mi sí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé láti di ọlọ́pàá, sífù dìfẹ́ńsì tàbí wọ́dà fetí sí mi, torí irú yín ni mo máa ń kọ́.

Láyé ọjọ́un, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé, "Ẹni tó fi ẹ̀sùn kan ọmọnìkejì ni kó mú ẹ̀rí wá." A ó jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa jiyàn òfin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bíi pé àwa la fẹ́ tún Nàìjíríà ṣe. Àárò ìgbà náà máa ń sọ mí níhìn-ín. Mo mọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn lórí dáadáa.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo padà sílé, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lágbègbè Ọ̀wọ̀ sì gbà mí láti máa kọ́ni nípa ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́. Lọ́jọ́ kan, fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù ní kíláàsì. Mo pe àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ síwájú, mo bu omi sí ife, mo ní kí wọ́n mu ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọ̀fun olè máa ń dí, kì í lè gbé omi mì. Irọ́ ni. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn gbọ̀n, omi dà sí i láyà, ó sì jẹ́wọ́. Kíláàsì hó yèè.

"Kọmíṣánà! Kọmíṣánà ọlọ́pàá wa!"

Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Òkìkí ife omi náà kàn dé Idasen àti Emure-Ile. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, wọn á ránṣẹ́ pè mí. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á lọ, mo sì ń pè é ní práktíkà, ìyẹn ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́. Ẹni tó bá mu omi, a ó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ́ra, a ó dè é títí yóò fi jẹ́wọ́. Àwọn kan jẹ́wọ́ ohun tí n kò rò pé wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan ní Afo pè mí. Pọ́ǹpù tó fi ń fa omi sí oko ata rẹ̀ ti sọnù. Ó fura sí Ráfíù, káfíńtà kan láti Ọ̀wọ̀ tó ń kan òrùlé abà fún un. Mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dání: ọkùnrin méjì, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lá. Mo gbé ife fún Ráfíù.

"Mu ún."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ààwẹ̀ ni mo wà. Mo ń san èyí tí mo jẹ nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, tí ara mi ò yá."

Àgbẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Olè ti di àlùfáà!"

"Tí oòrùn bá wọ̀, màá mu ún, Bàbá," ni Ráfíù wí. "Ẹ gbé e sílẹ̀ dè mí."

Àárín àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ọ̀wọ̀. Mo ti bá wọn jẹ ìṣínu láìmọye ìgbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sísan ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wò mí.

Bọ́lá ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló máa mú ẹ̀rí wá."

"Ìwọ lo fẹ́ di ọlọ́pàá? Padà sílé, lọ bá ìyá rẹ gé ilá!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bọ́lá yí padà, ó gba ọ̀nà títì lọ.

Mo ní kí wọ́n de Ráfíù mọ́ òpó abà nínú oòrùn. Mo gba àdá, mo ń fi pẹlẹbẹ rẹ̀ nà án. Ó ń sọ pé, "Ẹ pe ìyàwó mi. Ẹ bi í bóyá mo jí sààrì." N kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ ṣubú sáyà. Mo rò pé ẹ̀tàn ni, mo tún nà án.

Bọ́lá ló mú àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n tú u, ṣùgbọ́n ó ti kú. A ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí àna àgbẹ̀ náà gun ọ̀kadà dé láti Emure-Ile, pọ́ǹpù wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ mà ṣeun o! Ìyàwó yín ló yá mi nígbà tí mi ò bá yín nílé."

Àgbẹ̀ náà káwọ́ lérí.

Lọ́ọ̀yà mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin méjèèjì ló pa á lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀. Mo wo ojú àwọn méjèèjì. Èmi ni mo fi okùn lé wọn lọ́wọ́. Mo sọ òtítọ́ fún adájọ́. Àwọn ọmọ náà ń ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n wọn yóò jáde. Ìyàwó Ráfíù kò bú mi. Ó kàn béèrè bóyá ọkọ òun rí omi mu kó tó kú. Mo sọ fún un pé rárá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó wọ yunifọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn yóò sì máa sáré yà fún yín lọ́nà. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ na ẹni tí ẹ kò tíì rí ẹ̀rí lòdì sí, ẹ ṣe bíi Bọ́lá. Ẹ jẹ́ kó pè yín ní ojo. Bí ẹni tí ẹ mú bá ní òun kò ṣe é, ẹ ní sùúrù, ẹ wádìí. Bó bá parọ́, ẹ ṣì lè mú un lọ́la. Bó bá sọ òtítọ́, ẹ ṣì lè bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Èmi kò rí Ráfíù bẹ̀.