Aṣọ Àbúrò Mi Tí Mo Gé Rán Ìtẹ́dìí Ọmọ

Orúkọ olè tí wọ́n fi kan obìnrin kan ní Odode, èmi ló yẹ kí wọ́n fi kàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa káàánú mi títí dé àárín ọ̀rọ̀ kí ó tó wá bá ìdọ̀tí mi pàdé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Obìnrin náà ti dárí jì mí, àwọn ẹbí mi kò sọ ọ́ mọ́, ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ti ń pọnmi fúnra rẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ojú ṣì máa ń tì mí. Mi ò lọ sí ilé ìwé kankan. Ìwé ABD tí wọ́n ń lò ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi kọ́ ara mi ní kíkà àti kíkọ, bí mo ṣe kọ́ ara mi ní aṣọ rírán tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ má bínú, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ní ọdún tí àwọn ará ilé wa sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá kọ́lé sí Odode, àbúrò mi bí obìnrin. Èmi ni àkọ́bí ìyá wa, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹfà tó bímọ ni ó kú. Èmi opó tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí mo bí mẹ́ta tí ìkankan nínú wọn kò dúró, èmi ni mo gbé ọmọ náà lé itan. Fúnkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, wí lójú gbogbo ẹbí pé, "Ẹni tí kò tọ́ ọmọ yè rí ni ẹ fẹ́ gbé ọmọ fún? Ẹ gbé e lọ fún ìyá bàbá rẹ̀ lórí òkè." Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ sí ọmọ bàbá rẹ̀? Bàbá ọmọ náà wà ní ìdálẹ̀, ìyá rẹ̀ ti darúgbó, kò sì sí abiyamọ kankan tó kù ní gbogbo àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọn ì bá máa rọ ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Bí ọmọ bá ń sanra, yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá sanra, yóò gòkè lọ." Ó tún gbé àpótí aṣọ olóògbé fún mi pé kí n tọ́jú rẹ̀ sí yàrá mi. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ òkú títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, tí gbogbo wa yóò jókòó pín in.

Ẹni tó gba ọmọ náà là ni Ìyá Ràbí. Ará Ìlọrin ni òun àti ọkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ilé wa. Ọmọ tirẹ̀, Ràbí, ti tó oṣù mẹ́rin nígbà náà. Èmi àti òun kò ju kí a kí ara wa láàárọ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ igbe ọmọ, ó sọdá wá, kò béèrè nǹkan kan, ó jókòó lórí ẹní mi, ó gbé ọmọ olọ́mọ sáyà. Láti ọjọ́ náà, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mo ń gbé Fúnkẹ́ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n inú ọmọ náà kò dúró, omi ni ó ń yà. Ní ilé wa, àkísà ni a ń tẹ́ sábẹ́ ọmọ, bó bá tọ̀ a ó fà á yọ, kò sí ẹni tó ń dì í mọ́ ọn nídìí. Fúnkẹ́ ya ìgbẹ́ sórí odindi ìdì aṣọ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ Ìyá Ràbí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ta ló lè fara da ìyẹn? Ìyá Ràbí pè mí sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò lè lé ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi di ìdí ẹ̀. Bàbá Ràbí ní tó bá tún ba ọjà jẹ́, kí n má gbà á mọ́." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tó ti rí lára ọmọ àwọn ìyàwó tíṣà ní Àkúrẹ́, ìtẹ́dìí tí wọ́n ṣẹ́ ní igun mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní nápíkìn.

Mo gbé aṣọ lọ bá télọ̀. Ó wo aṣọ, ó wò mí. "Ṣòkòtò fún ọmọ jòjòló? Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn ná, màá dá agbádá fún un." Gbogbo àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Mo gba aṣọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin náà títí di òní olónìí. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín nínú kí ìdí ọmọ gbẹ?

Mo ra abẹ́rẹ́ mélòó kan àti òwú. Ọwọ́ tí mo fi ń la kòkó ni mo fi mú abẹ́rẹ́, n kò mú un rí láyé mi. Mo tú etí bùbá ìsìn mi sílẹ̀ kí n lè rí ọ̀nà tí òwú gbà. Aṣọ funfun tuntun ni mo kọ́kọ́ gé. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n fọ sitáàṣì ara rẹ̀ kúrò. Ìtọ̀ ọmọ ń yí lórí rẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí ewé kókò, ó sì ṣàn sí ara Ìyá Ràbí. Mo fi kíjìpá ṣe èkejì, ìṣẹ́po méjì, abẹ́rẹ́ kan dá sí i, ọjọ́ méjì ni kò fi gbẹ, ó sì bó itan ọmọ. Ẹ̀kẹta ni mo fi ògbólógbòó ìró ara mi ṣe. Ìyẹn rọ̀, ó sì ń mu omi, ṣùgbọ́n mi ò ṣẹ́ etí rẹ̀. Òwú tú jáde lójú ibi tí mo gé, ó wé mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ títí ibẹ̀ fi pọ́n. Ìyá Ràbí ló fi eyín já a. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ ni ẹ so fún mi wá yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ṣẹ́ ẹ lé e, kí ojú gígé sá pamọ́ sínú. Ẹ má rán an jìnnà síra, abẹ́rẹ́ yín ń rìn bí ọ̀mùtí." Ó ní irú aṣọ tó ti gbó yẹn ló dára jù, kí n wá púpọ̀ sí i.

Níbo ni kí n ti rí i? Ìró ògbólógbòó méjì péré ni mo ní, mo sì ti gé méjèèjì tán. Ọmọ tí inú rẹ̀ kò dúró lè lo mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ṣí àpótí àbúrò mi. Ìró aláró méjì wà níbẹ̀ tó ní ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Àwọn ni ó ń ró nígbà tó lóyún, ó ti fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Mi ò ní sọ fún yín pé ìbànújẹ́ ló dà mí lórí rú. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gé wọn. Ìtẹ́dìí méjìlá ni mo rí nínú wọn, mo sì fi ìlà pupa yẹn ṣe okùn tí a ń so mọ́ ìbàdí ọmọ. Mo ṣẹ́ etí wọn lẹ́ẹ̀mejì-mejì bí Ìyá Ràbí ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo so àkọ́kọ́ mọ́ Fúnkẹ́, tó mu ọmú tó sì sùn lórí itan Ìyá Ràbí láìsí ẹ̀kán omi kan tó jáde, ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn ju ìgbà tí wọ́n rì mí bọmi lọ. Bàbá Ràbí fúnra rẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá." Inú ọmọ dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé ni gbogbo wa ń sá aṣọ sí ní Odode. Ṣùgbọ́n èmi ò jẹ́ sá ìtẹ́dìí yẹn síbẹ̀, kí Ẹ̀gbọ́n mi má bàa rí ìlà pupa. Orí àjà inú ilé ìdáná ni mo ń kó wọn sí, inú èéfín. Ìdí ọmọ sú. Ìyá Ràbí gbóòórùn rẹ̀. "Ọmọ ni ẹ gbé wá fún mi yìí àbí ẹja yíyan? Oòrùn wà lórí àpáta lọ́fẹ̀ẹ́." Mo ní ẹ̀rù òjò ló ń bà mí. Ó wo okùn ìbàdí ọmọ, ó wò mí, ó gbé ọmọ sáyà.

Oṣù mẹ́ta pé, ẹbí jókòó, wọ́n ṣí àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìró aláró méjì dà? Ojú mi ni olóògbé ṣe rà á lọ́wọ́ ará Ìlọrin yìí." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ó dà?"

Fúnkẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní àkókò náà, ó ń mu ọmú. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo jí aṣọ òkú, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ta ló tún ń wọ yàrá rẹ? Ẹni tó tà á ló wá kó o padà kó lè tún un tà."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, a tẹ̀ lé e sọdá. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ó pe Ìyá Ràbí ní olè lójú gbogbo wọn. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ọmọ wà láyà rẹ̀, okùn pupa sì yọ síta ní ìbàdí ọmọ. Ó wolẹ̀, ó rí i. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ìdí ọmọ, ó fi etí ìborùn há abẹ́ itan. "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́," ni ó wí, "ọmọ ń mu ọmú. Tó bá mu tán, ẹ wọlé, ẹ tú gbogbo ilé wò." Wọ́n tú u, wọn ò rí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tà á.

Ọjọ́ márùn-ún ni Ẹ̀gbọ́n mi fi ń kiri ọjà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láìwo inú rẹ̀. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mo sì ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀, tí ó ń gbà á, tí ó ń fún un lọ́mú, tí èmi ń wo ilẹ̀. Irú ènìyàn wo ni mo jẹ́? Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi títí.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá Àgbà ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ ilé wa kò ní mu ọmú olè mọ́, kí n di ẹrù rẹ̀, wọn yóò gbé e gòkè lọ́la. Ẹ má yìn mí fún ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá fọwọ́ kan ọmú náà, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá sọ̀rọ̀. Mo kó ìtẹ́dìí méjèèjìlá, mo tẹ́ wọn sórí àpáta lẹ́yìn ilé nínú oòrùn, mo sì pe Bàbá Àgbà àti gbogbo ẹbí jáde.

"Èmi ni mo gé e," ni mo wí. "Bí ẹ ó bá gba ọmọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ràbí ni kí ẹ gbé e fún. Bó bá gòkè, yóò kú."

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti rí i? Ṣé mi ò sọ pé kí ẹ má gbé ọmọ fún un?"

Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fa etí rẹ̀ wò bóyá yóò já. Kò já. "Ta ló rán an?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Aṣọ ta ni?"

"Ti ìyá rẹ̀."

"Ta ló ń lò ó?"

"Ọmọ rẹ̀."

Ó tẹ́ ìtẹ́dìí náà padà. "Ti aṣọ, mi ò rí ẹjọ́ níbẹ̀. Ti irọ́, mo rí ẹjọ́. Ìpín tìrẹ nínú àpótí ti lọ. Ìwọ àti Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kígbe yìí, ẹ ó lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin náà nígbà tí èrò bá pọ̀ lọ́jà."

Mo sún mọ́ ọn. "Ọmọ ńkọ́, Bàbá?"

"Ọmọ ń sanra," ni ó dáhùn, ó sì wọlé.

A kúnlẹ̀. Ìyá Ràbí jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi sọ tirẹ̀ tán, ó sì dá a lóhùn pé ó ti gbọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ dìde, ẹ ń dí oníbàárà lọ́nà. Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ ọn ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo tà á, ṣé mi ò ní mọ aṣọ mi ni? Mo ní kí n dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín." Ó gba Fúnkẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ pẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹlòmíràn bá ń ru ẹ̀bi yín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Irú obìnrin yìí kò pọ̀, ẹ̀yin lè máà rí i.

Wọ́n ti padà sí Ìlọrin. Nígbàkígbà tí ọmọ bá dé sínú ilé wọn, mo ń rán ìtẹ́dìí méjìlá, mo ń fi wọ́n rán awakọ̀ akẹ́rù. Ìyá Ràbí tún ti bí, mo sì ń rán tirẹ̀ lọ́wọ́. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, Fúnkẹ́ ló ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè ẹni tí a ń rán an fún. Mo ní ìyá rẹ̀ tó fún un lọ́mú ni. Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ mi tí ìyá wọn kú ní aṣọ ìyá wọn. Kí ló dé tí èmi kò ní ti ìyá mi tó kú?"

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un pé mo gé e, àti ohun tí mo jẹ́ kí ojú obìnrin tó tọ́ ọ rí nítorí rẹ̀? Àbí kí n dúró títí yóò fi dàgbà, kí Ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ ọ́ fún un kí n tó sọ ọ́? Mo ní kó fi òwú bọ abẹ́rẹ́ ná. Ó ti fi bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wò mí.