Gíláàsì Dúdú Tó Pa Ilé Sinimá Wa

Ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Gbogbo yín lẹ gbà pé tẹlifíṣọ̀n inú ilé ló pa sinimá tó wà lẹ́yìn ìlú. Irọ́ ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, èmi sì ni kòkòrò náà.

Gbọ̀ngàn mẹ́jọ ni ilé yẹn ní. Bó bá di Sátidé, ọkọ̀ á kún iwájú rẹ̀ títí dé ojú títì, òórùn gúgúrú á gba àdúgbò kan. Èmi ni mo ń fi róòlù fíìmù sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, èmi ni mo ń lẹ̀ ẹ́ bó bá já. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi obìnrin ń wá iṣẹ́, èmi náà ni mo mú un wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tí kò lo róòlù, tó jẹ́ bọ́tìnì la fi ń darí rẹ̀. Oṣù kan péré ni ọmọbìnrin yìí fi mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wa fi í ṣe olórí lé mi lórí, ó ní kí èmi máa nu ẹ̀rọ. Ìlara bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ẹ wo àgbàlagbà.

Gíláàsì dúdú kan wà tí a máa ń gbé síwájú ẹ̀rọ fún fíìmù tí òǹwòran ń fi jígí ojú wò, irú èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó ń jáde bọ̀ wá bá wọn. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún fíìmù lásán, àwòrán á ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Èmi ò gbàgbé. Láàárọ̀, àbúrò á yẹ gbogbo gbọ̀ngàn wò, á rí i pé àwòrán wọn mọ́lẹ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá ẹ̀rọ lókè, màá gbé gíláàsì síbẹ̀. Òǹwòran á figbe ta, òun náà á sáré gòkè, ṣùgbọ́n màá ti gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin. Kó tó wọlé, mo ti yọ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ó mọ́lẹ̀ lójú tèmi o. Kí ló dé tí gbogbo wọn ń sọ pé ó ṣú?"

"Àbúrò, bóyá ojú ẹ ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá gbọ́."

Èmi kan náà ni mo lọ sọ fún ọ̀gá. Mo ní ojú rẹ̀ ti ń kú, mo sì mi orí bí ẹni tó káàánú. Ìṣojú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti lé e. Ó wá sunkún lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé wa, èmi ni mo bu omi fún un. Dókítà ojú ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní kí ni dókítà mọ̀ nínú iṣẹ́ wa? Èmi ló gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò súnmọ́ ẹ̀rọ kankan mọ́.

Wọ́n dá ipò padà fún mi. Kí ni mo fi ṣe? Fíìmù á dákú láàárín, màá máa tẹ bọ́tìnì bí afọ́jú. Àwọn òǹwòran lọ, wọn ò padà. Wọ́n ti gbọ̀ngàn pa lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo òṣìṣẹ́ fọ́nká. Mátíréèsì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí.

Àbúrò, ìwọ tí o di ife oògùn mi mú yẹn, kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ rí. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, má fi ipá ṣe é nítorí pé mo ń kú lọ. Ṣáà wò mí dáadáa. Ohun tí ojú rẹ bá rí, òun náà ni.